Ṣé Ìbínú sí Ààrẹ Lè Gba Làákàyè Lọ́wọ́ Èèyàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Kubwa ni mo ń gbé, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí. Láti ìgbà ìdìbò 2023 ni ìpàdé wa ò ti rójú. Àwọn kan ò lè gbọ́ orúkọ Tinubu kí wọ́n má ṣépè: iná lọ, òun ni, òjò pẹ́, òun ni. Àwọn kan sì wà, bí o bá ti ní gàrí wọ́n, wọ́n á ní àrùn ìkórìíra ló ń ṣe ọ́, pé o kì í ṣe ọmọ Yorùbá gidi. Ṣé lóòótọ́ ni èèyàn lè kórìíra olórí débi tí kò ní lè ronú mọ́? Báwo la ṣe ń mọ ẹni tó ti débẹ̀? Kí la sì lè ṣe kí ẹgbẹ́ yìí má tú?

Ìdáhùn: Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n bí inú ṣe ń bí èèyàn tó kọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹni tó ń bínú títí iṣan ọrùn fi yọ lè ní ẹjọ́ tó gún régé lẹ́nu. Ẹni tó ń yin ààrẹ láti àárọ̀ dalẹ́ lè ti sọ làákàyè nù tipẹ́. Ohun tí a ó máa wò ni pé, bí nǹkan bá yí padà lójú ayé, ǹjẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ lè yí tẹ̀lé e?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ "àrùn" yẹn kúrò lọ́nà. Ọ̀rọ̀ oníṣègùn kọ́. Ní 2003, Charles Krauthammer, òǹkọ̀wé ìwé ìròyìn ní Amẹ́ríkà tó ti kọ́ iṣẹ́ dókítà ọpọlọ tẹ́lẹ̀, ló fi orúkọ bẹ́ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ àwọn tó kórìíra George W. Bush. Nígbà tí Trump dé, wọ́n gbé orúkọ náà wọ àwọn tó kórìíra òun náà. Ní oṣù kẹta 2025, àwọn sẹ́nétọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Minnesota tilẹ̀ gbé àbá òfin wá pé kí wọ́n kà á mọ́ àìsàn ọpọlọ. Kò sí nínú ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ń lò títí di òní.

Àwọn dókítà náà ti jìyà irú rẹ̀ rí. Ní 1964, ìwé ìròyìn kan kọ̀wé sí àwọn dókítà ọpọlọ pé ṣé orí Barry Goldwater tó ń du ipò ààrẹ pé. Dókítà 1,189 ló dáhùn pé kò yẹ sípò, láì yẹ̀ ẹ́ wò. Goldwater pe ìwé ìròyìn náà lẹ́jọ́, ó jàre, nígbà tó sì di 1973 ẹgbẹ́ àwọn dókítà náà fòfin dè é pé ọmọ ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ dárúkọ àìsàn fún ẹni tí kò bá yẹ̀ wò. Ti ìjọba Soviet, Rọ́ṣíà ayé àtijọ́, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: wọ́n ń ti àwọn alátakò ìjọba mọ́ ilé ìwòsàn ọpọlọ pé orí wọn ò pé. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ pé gàrí wọ́n, tí ẹlòmíì dá a lóhùn pé àìsàn ló ń ṣe é, iye owó gàrí ni kò fẹ́ dáhùn.

Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ nìyí, ó sì kan gbogbo wa. Ẹgbẹ́ òṣèlú máa ń wọ ojú èèyàn bí awò, kì í sì í mọ̀ pé òun wọ̀ ọ́. Ní 2003, Geoffrey Cohen, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ètò ìrànwọ́ ìjọba han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, ó sì ń pààrọ̀ orúkọ ẹgbẹ́ tó gbé e wá. Ètò tí wọn ì bá bú, wọ́n gbà á nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹgbẹ́ àwọn ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá bi wọ́n, wọ́n á ní ohun tó wà nínú ètò náà làwọn wò, pé àwọn yòókù ni orúkọ ẹgbẹ́ ń tì. Dan Kahan àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wá fi ìṣirò dán èèyàn wò ní 2013. Nígbà tí nọ́ńbà náà jẹ́ ti ìpara, bóyá ó ń wo ara sàn, àwọn tó mọ ìṣirò rí ìdáhùn. Nígbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà kan náà ka orí òfin tó de ìbọn, tí ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ń jà lé, àwọn tó mọ ìṣirò jù gan-an ló yapa jù, nítorí pé ọgbọ́n wọn ni wọ́n fi ń wá ọ̀nà àbáyọ fún ẹgbẹ́ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìwé tóun kà ló gba òun là o. Nínú ìpàdé yín, kò yani lẹ́nu bó bá jẹ́ pé àwọn tó kàwé jù ló ń pariwo jù.

A ò nílò láti dé Amẹ́ríkà kó tó yé wa. Irú àyẹ̀wò ti Cohen yẹn ti wáyé níbí. Ní ọjọ́ kìíní ọdún 2012, ìjọba Jonathan yọ owó ìrànwọ́ orí epo; lítà kan kúrò ní náírà 65, ó di 141. Tinubu, tó jẹ́ aṣáájú ẹgbẹ́ ACN nígbà náà, kọ̀wé síta pé Jonathan ti da májẹ̀mú tó bá ará ìlú dá. Èrò tú síta. Kó tó pé ogúnjọ́, wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí 97. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2023, Tinubu fúnra rẹ̀ dúró ní Eagle Square, ó ní owó ìrànwọ́ epo ti lọ. Lítà tí kò tó 200 di 537 ní Abuja láàárín ọjọ́ méjì, ó di 617 ní oṣù keje, ó sì di 1,030 ní oṣù kẹwàá 2024.

Ẹ ka àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ta ló jáde ní 2012 tó wá ní "ó pọn dandan" ní 2023? Ta ló gbèjà Jonathan ní 2012 tó ń ṣépè ní 2023? Ẹ máà tíì dá wọn lẹ́bi o. Èèyàn lè yí ọkàn padà tọgbọ́ntọgbọ́n. Ẹnì kan lè sọ pé ní 2022 owó ìrànwọ́ yẹn ti ju tírílíọ̀nù mẹ́rin náírà lọ, ìjọba sì ń yá owó jẹun. Ẹlòmíì lè dáhùn pé ní 2012, náírà kò já bọ́ lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú epo, ṣùgbọ́n ní oṣù kẹfà 2023 wọ́n tún tú iye náírà sílẹ̀ fún ọjà, nǹkan méjì wá kọlu ará ìlú pọ̀. Àwọn méjèèjì ń ronú. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan ṣoṣo: yàtọ̀ sí orúkọ ẹni tó wà lórí àlééfà, kí ló yí padà? Ẹni tó bá dáhùn pẹ̀lú nǹkan tó ṣeé kà, ẹ jókòó tì í. Ẹni tó bá ní "ti Jonathan yàtọ̀" tàbí "ti Tinubu yàtọ̀" tí kò sì lè sọ ibi tó ti yàtọ̀, awò ló wà lójú rẹ̀.

Ibi tí mo ti ń rí àṣìṣe jù ni nọ́ńbà ọ̀wọ́n-gógó ọjà, nítorí pé níbẹ̀ ni ìhà méjèèjì ti jọ ń ṣìnà. Ní oṣù kejìlá 2024, àjọ NBS, tó ń ṣe ìṣirò fún ìjọba àpapọ̀, ní ọ̀wọ́n-gógó wà ní 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún. Nígbà tó di oṣù kìíní 2025, ó di 24.48. Àwọn kan ń jó pé ààrẹ ti já owó ọjà wálẹ̀. Àwọn kan ń kígbe pé irọ́ ni, wọ́n ro nọ́ńbà náà lámàlà ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé wọ́n pààrọ̀ ọdún ìfiwéra, láti 2009 sí 2024, wọ́n sì tún agbọ̀n ọjà tí wọ́n fi ń wọn nǹkan dì. Oúnjẹ tó ń kó nǹkan bí ìdá 52 nínú ọgọ́rùn-ún agbọ̀n náà tẹ́lẹ̀ wá di nǹkan bí 40. Òṣùwọ̀n méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, a kì í fi wọ́n wéra bí ẹni fi múdù wé kóńgò. Bí ọ̀wọ́n-gógó bá tilẹ̀ lọ sílẹ̀ lóòótọ́, owó ọjà ṣì ń gòkè, ìgòkè rẹ̀ ló rọra. Ká sọ pé múdù ìrẹsì kan jẹ́ náírà 2,000. Bó bá fi 34.80 wọ́n lọ́dún kìíní, ó di 2,696. Bó bá wá fi 24.48 wọ́n lọ́dún kejì, ó di 3,356. Ẹni tó ń wá ìrẹsì 2,000 nítorí pé "ọ̀wọ́n-gógó ti dínkù" kò ní í rí i rà.

Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó bá fara balẹ̀ mọ èyí á tún ní ẹjọ́ tó wúwo jù láti bi ìjọba. "Irọ́ ni" kò wọn nǹkan kan. Wọ́n ti kéde pé àwọn fẹ́ tún agbọ̀n náà dì kí wọ́n tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè pé, "Ìdílé kan ní Nyanya tí oúnjẹ ń gba èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀, báwo ni agbọ̀n tí oúnjẹ rẹ̀ jẹ́ 40 ṣe sọ ti ìdílé náà?", ẹni tó fẹ́ dáhùn gbọ́dọ̀ jókòó.

Ibi tí nǹkan ti kọjá ààlà tí kò ṣòro láti rí ni ti "Jubril". Ní 2017, Buhari lo ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọjọ́ ní London lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹjọ. Kéèyàn béèrè pé àìsàn wo ni, àti pé ta ló ń sanwó, ẹ̀tọ́ ará ìlú ni. Ìjọba ò dáhùn. Àyè tí ó ṣófo yẹn ni àhesọ jókòó sí: pé Buhari ti kú, pé ará Sudan kan tó ń jẹ́ Jubril ló ń lo aṣọ rẹ̀. Buhari dé Kraków ní Poland ní oṣù kejìlá 2018, ó ní òun gan-an nìyí. Kí ni wọ́n fi fèsì? Pé ṣebí bí Jubril ṣe máa sọ náà nìyẹn. Bí ó bá sọ̀rọ̀, ẹ̀rí ni. Bí ó bá dákẹ́, ẹ̀rí ni. Bí etí rẹ̀ bá jọ ti tẹ́lẹ̀, iṣẹ́ abẹ ni. Nígbà tí kò bá sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ láyé tó máa fi hàn pé èèyàn ṣìnà, kò sí ìrònú níbẹ̀ mọ́. Ìrònú irú èyí wà lọ́dọ̀ àwọn olólùfẹ́ náà: náírà já, ọgbọ́n àgbà ni, náírà gun òkè, ọgbọ́n àgbà ni.

Àmì kejì tí mi ò ní í fojú fo ni kí ìbínú kúrò lórí olórí kó wá bà lé aládùúgbò. Ìtàn wa nílé ti kọ́ wa. Ìdìbò Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kẹwàá 1965 kún fún màgòmágó, ìbínú sí Akíntọ́lá tó ń ṣe olórí ìjọba níbẹ̀ àti ẹgbẹ́ rẹ̀, Dẹ́mọ̀, ní ìdí. Ṣùgbọ́n nígbà tí "wẹ́ẹ̀tì-ẹ" dé, epo bẹntiróò tí wọ́n ń dà síni lára kì í béèrè ẹni tó yí ìbò. Níbí ní Àríwá, lẹ́yìn ìdìbò oṣù kẹrin 2011, Human Rights Watch, àjọ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, kà á pé ó lé ní 800 èèyàn tó kú láàárín ọjọ́ mẹ́ta ní ìpínlẹ̀ méjìlá. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó kú kò ka ìbò kankan. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Nítorí náà, ní ọjọ́ tí ẹnì kan nínú ìpàdé yín bá kúrò lórí "ìpinnu Tinubu yìí ò dáa" tó wá dé orí "àwọn báyìí ni wọ́n ń fà á," tó ń ka ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn, ẹ dá a dúró níbẹ̀ gan-an, ẹ má jẹ́ kó parí gbólóhùn náà. Ti "ọmọ Yorùbá gidi" yẹn náà wà nínú rẹ̀. Ní 1993, Kano dìbò fún Abíọ́lá, wọ́n fi Tofa ọmọ wọn sílẹ̀, a ò sì gbọ́ pé àwọn ará Kano dẹ́kun jíjẹ́ ará Kano.

Ẹ ní báwo lẹ ṣe máa mọ ẹni tó ti débẹ̀. Ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dán wò, láì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ mú bébà. Ẹ kọ ohun kan tí ẹ gbà pé ààrẹ bà jẹ́, kí ẹ wá kọ nǹkan mẹ́ta sábẹ́ rẹ̀: nọ́ńbà wo ló máa jẹ́ kí ẹ gbà pé ẹ ṣìnà, títí dìgbà wo, àti ìwé ta ni ẹ máa wò. Fún àpẹẹrẹ: "Bí epo bá wà lábẹ́ iye báyìí ní ilé epo tí mo ti ń rà á ní Kubwa títí di ìparí ọdún, màá gbà." Bí ẹ bá jókòó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ẹ kò rí nọ́ńbà kankan kọ, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun kan tí ẹgbẹ́ tí ẹ kò fẹ́ ṣe tó ní láárí. Ẹni tó kórìíra ìjọba yìí yẹ kó lè sọ pé ètò owó yíyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, NELFUND, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2024, kì í ṣe àlá. Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀ yẹ kó lè dárúkọ ohun kan tí kò rí bí wọ́n ṣe wí, láì fi "ṣùgbọ́n ìjọba àná ńkọ́" tì í lẹ́yìn.

Ẹ tún wádìí ẹni tó ni ẹ̀ṣẹ̀. Níbí, èyí ta kókó ju ti Èkó lọ. Abuja kò ní gómìnà. Mínísítà tí ààrẹ yàn ló wà níbẹ̀, nítorí náà títì ńlá àti ilẹ̀ lè kan ààrẹ ju bó ṣe lè kàn án ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n Bwari Area Council ló ni Kubwa, alága tí ẹ dìbò yàn ló ń ṣe é, owó oṣù àwọn olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì wà lọ́rùn wọn. Owó iná 225 náírà fún kílówọ́ọ̀tì-wákàtí kan, tó bẹ̀rẹ̀ lóṣù kẹrin 2024 fún àwọn tó wà ní Band A (àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná ogún wákàtí lójúmọ́ fún), ìpinnu ìjọba àpapọ̀ ni, ẹ lè bi ààrẹ. Ẹ̀rọ iná àdúgbò tó jó, ti AEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná ní Abuja, ni. Òjò tó pẹ́, ẹ fi ààrẹ sílẹ̀ níbẹ̀.

Ìwádìí kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ lò nínú ẹgbẹ́. Ní 2015, John Bullock àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bi ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú méjèèjì ní Amẹ́ríkà nípa ọrọ̀ ajé àti ogun. Ìdáhùn wọn jìnnà síra. Nígbà tí wọ́n ṣèlérí owó kékeré fún ẹni tó bá gbà á, àti fún ẹni tó bá jẹ́wọ́ pé òun ò mọ̀, ìyàtọ̀ náà já sí ohun tí kò tó ìdajì. Ìyẹn ni pé nínú ọ̀pọ̀ irọ́ tí wọ́n ń pa, wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, tàbí wọ́n mọ̀ pé òótọ́ ò yé àwọn. Ariwo àtìlẹ́yìn ni. Ẹ má fi tẹ́tẹ́ ṣe é, àwọn àlùfáà yín ò ní í gbà. Ẹ ní kí ẹni tó bá gbé ìròyìn tí kò jóòótọ́ wá san náírà 500 sí àpò ẹgbẹ́. Ẹ ó rí i bí "mo gbọ́ pé" ṣe máa dínkù.

Ní ti ìpàdé fúnra rẹ̀: ẹ má fòfin de ọ̀rọ̀ òṣèlú pátápátá. Gbogbo ẹgbẹ́ ló ń kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, kì í sì í ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ náà á sá lọ sí kọ̀rọ̀, a ó wá rí i lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ yan akápò. Ẹ fún un ní ogún ìṣẹ́jú, kó jẹ́ lẹ́yìn owó tí ẹ ń dá lóṣooṣù àti ọ̀rọ̀ ìrànlọ́wọ́ ẹbí, kó má ṣe jẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ìpinnu kan la ó sọ̀rọ̀ lé, a kò ní í dárúkọ èèyàn. Kí ẹni tó fẹ́ fèsì kọ́kọ́ tún ọ̀rọ̀ ẹni tó ṣáájú sọ títí onítọ̀hún á fi ní "bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí mo sọ nìyẹn." Nǹkan yìí le ju bó ṣe dà létí lọ, lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ kò ní í lè ṣe é, nítorí pé wọn ò gbọ́ ọ̀rọ̀ náà rí. Agbọ́ ẹjọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ẹ yan olùdarí méjì, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, nítorí olùdarí kan ṣoṣo, bó ti wù kó dáa tó, wọ́n á ní ó ń ṣe ojúsàájú.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bá àgbàlagbà jiyàn ní gbangba pé irọ́ ló ń pa. Bí ó tilẹ̀ mọ̀ pé òun ṣìnà, ojú ìyàwó àtọmọ ló ń wò. Ẹ rán ẹni tó wà ní ìhà tirẹ̀ lọ bá a nílé. Alátìlẹ́yìn Tinubu ni kó lọ sọ fún alátìlẹ́yìn Tinubu pé fídíò yẹn ti pẹ́. Ẹ sì má retí pé alẹ́ ọjọ́ kan á tó. David Broockman àti Joshua Kalla san dọ́là 15 fún wákàtí kọ̀ọ̀kan fún àwọn tó ń wo Fox News kí wọ́n máa wo CNN fún oṣù kan ní 2020. Èrò wọn yí díẹ̀ lórí nǹkan tí wọn ò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Owó tán, wọ́n padà sí ti wọn, èyí tó pọ̀ jù nínú ìyípadà náà sì ṣí lọ. Ìwádìí 2020 mìíràn tún fi hàn pé ìhà méjèèjì rò pé àwọn kejì kórìíra wọn ní nǹkan bí ìlọ́po méjì bó ṣe rí gan-an. Èyí sì rọrùn láti dán wò níbí: ẹ ní kí oníkálukú fi bébà tí kò ní orúkọ kọ bí inú ṣe ń bí i sí ìhà kejì láti 0 dé 10, àti iye tó rò pé wọ́n máa kọ sí òun. Ẹ ka á síta.

Lórí WhatsApp, ẹ ya ibi tí ẹ ti ń sọ̀rọ̀ òṣèlú sọ́tọ̀ kúrò nínú èyí tí ẹ fi ń kéde òkú àti ìgbéyàwó. Ọ̀rọ̀ tó bá ní ọfà méjì lórí, ó ti kọjá ọwọ́ púpọ̀ kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. WhatsApp fúnra rẹ̀ kò jẹ́ kí a fi í ránṣẹ́ ju ibì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ òfin: ọfà méjì, kò wọlé, àfi bí ẹni tó gbé e wá bá kọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ àti ibi tó ti rí i.

Mo fi kinní kan sẹ́yìn nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n. Bí ẹnì kan kò bá sùn fún ọ̀pọ̀ òru, tó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́, tó ní àwọn ẹ̀ṣọ́ ààrẹ wà lókè àjà, tó ti dẹ́kun iṣẹ́ àti oúnjẹ, kì í ṣe ẹ̀tanú òṣèlú nìyẹn. Àìsàn gidi ni, ọ̀rọ̀ òṣèlú ló kàn yá sọ. Àwọn dókítà ọpọlọ wà ní ilé ìwòsàn fásitì ní Gwagwalada, ilé ìwòsàn ọpọlọ ti ìjọba àpapọ̀ sì wà ní Barnawa, Kaduna. Ẹ má mú un wá sí ìpàdé kí ẹ lọ gbàdúrà lé e lórí kí ẹ tó gbé e lọ.

Ní ti òfin ìpàdé tí mo là sílẹ̀, ẹ kọ ọ́ kí ẹ sì dìbò fún un kí ìpolongo 2027 tó gbóná. Bó bá ti gbóná tán, òfin yòówù tí ẹ bá gbé wá, ìhà kan á sọ pé tìtorí tàwọn ni.